Àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò wa sí Ìbàdàn: yíya fíìmù nípa obìnrin tó fi aṣọ àwọn tó bómi lọ rìn létí Ògùnpa

Ọjọ́ Ajé

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa sọ̀kalẹ̀ ní Moníyà kí oòrùn tó mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn fún èrò ní ọdún 2021 ni mo ti yàn án láàyò fún irú iṣẹ́ tiwa yìí, nítorí pé kìlómítà 157 náà kì í gbo kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ jìgìjìgì bí ojú títì ti ń ṣe, ó sì ń fún èèyàn láyè láti ka ìbéèrè rẹ̀ ní àkàtúnkà. Ayàwòrán wa àti ọmọbìnrin tó ń bá wa gba ohùn sílẹ̀ ni a jọ wá. A háyà Micra kan, a kó àpótí sẹ́yìn rẹ̀ títí awakọ̀ fi ní kí a má fi kún un mọ́, a sì gba Òjóò wọ ìgboro.

Ẹni tí a wá ya dọ́kúmẹ́ńtárì nípa rẹ̀ jẹ́ obìnrin ọmọ Ìbàdàn, oníṣẹ́ ọnà tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ère gbígbẹ́ tàbí àwòrán kíkùn. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó fi ń ṣiṣẹ́, ní gbangba, níwájú ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà a sì parí nígbà tí ó bá dá ẹsẹ̀ dúró. Ó bẹ̀ wá pé kí a má dárúkọ òun níbikíbi títí fíìmù yóò fi jáde, nítorí náà Àǹtí ni èmi náà yóò máa pè é níbí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ti ń pè é.

Ohun tó dá awuyewuye sílẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó wọ ilé, ó wọ ọjà, ó sì gbé èèyàn tó lé ní 200 lọ. Omíyalé ni àwọn àgbà Ìbàdàn ń pè é títí di òní. Ní àyájọ́ ọjọ́ náà ní ọdún tó kọjá, Àǹtí wọ ẹ̀wù ńlá kan tí ó fi aṣọ àwọn tó bá omi náà lọ rán pọ̀, aṣọ tí àwọn ẹbí wọn fi ọwọ́ ara wọn kó fún un, ó sì rìn létí odò láti Àgodi dé ọjà Ògùnpa láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹnìkan tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn fi fóònù ya díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó ṣú, gbogbo ìlú ti ń sọ pé obìnrin kan gbé eégún ní Ìbàdàn.

Ẹni tó bá mọ ìlú náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. Níbi tí obìnrin ti ń sá wọlé, tí ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí nígbà tí eégún Olóòlù, tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí, bá ń bọ̀, kò sí bí a ṣe lè sọ pé obìnrin gbé eégún kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ eré. Àwọn kan pe Àǹtí lórí fóònù láti ṣépè fún un. Ẹni tó gba ilé fún un ní kí ó wá ibòmíràn gbé, ó sì padà sí ilé ìyá ìyá rẹ̀ ní Òjé, níbi tí a ti bá a.

Ní alẹ́, a jókòó tì í láti fẹnu kò lórí bí iṣẹ́ yóò ṣe lọ. Mo sọ fún un pé àwọn tó takò ó yóò sọ tẹnu wọn tán nínú fíìmù náà, pé a kò ní san owó fún ẹnikẹ́ni láti sọ̀rọ̀, àti pé kò ní wo ohun tí a bá tò pọ̀ títí àwọn yòókù tó sọ̀rọ̀ yóò fi láǹfààní láti wò ó pẹ̀lú rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lórí èyí tó gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

A lo gbogbo ọjọ́ nínú yàrá tí ẹ̀wù náà wà. Ara igi àjà ni wọ́n gbé e kọ́, ó sì kún yàrá náà débi pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ayàwòrán wa ń gbà kọjá. Òfì wà lára rẹ̀, àdìrẹ wà, àǹkárá tó ti ṣá wà, léèsì àtijọ́ wà, ẹ̀wù ilé-ìwé ọmọ kékeré kan náà wà níbẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì pé. Ní inú, ní ibi tí òǹwòran kò lè rí, Àǹtí rán ègé aṣọ funfun mọ́ ìdí ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, ó sì fi yíǹkì kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ilé tó ti wá sí i. Mo ní kí a ya orúkọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n a kò ní lò wọ́n láìjẹ́ pé ilé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i.

Ọmọ Òjé ni, aṣọ sì ni iṣẹ́ ilé wọn. Ìyá ìyá rẹ̀ ń ta òfì nínú ọjà Òjé, ọjà tí àwọn aláṣọ òkè ti ń wá láti Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú mìíràn ní ọjọ́ kẹtàdínlógún-kẹtàdínlógún, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ láti kékeré pé a máa ń fi ọwọ́ ka aṣọ kí a tó fi ojú kà á. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi fi ọwọ́ rán gbogbo rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ. Ó ní ẹ̀rọ kì í mú kí èèyàn dúró lórí aṣọ kan pẹ́ tó.

Lórí ọ̀rọ̀ eégún, ó dáhùn láìgba ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Ó ní òun mọ ohun tí ẹ̀kú jẹ́, pé aṣọ ilé ni wọ́n ń tò lé ara wọn lórí, pé ó ń bo ẹni tó wọ̀ ọ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, pé àwọ̀n ni ó wà lójú. Nítorí náà ni ó ṣe gé ẹ̀wù tirẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí ó sì ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ gbangba láti Àgodi dé Ògùnpa. Ó ní, “Ojú mi ni mo fi gbé e. Bí mo bá bo ojú, mo ti parọ́ pé ará ọ̀run ni mí. Èmi kì í ṣe ará ọ̀run. Ẹni tí wọ́n kó aṣọ fún ni mí.” Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni fídíò inú WhatsApp fi hàn. Kò sí ẹni tó rí ojú.

Àwọn kan tún fi ẹ̀sùn kàn án pé ohun tí àwọn òyìnbó ń ṣe ni ó lọ kó wá. Kò sẹ́ pé òun ka nípa wọn. Ó mọ̀ nípa Marina Abramović, tí ó to ohun 72 sórí tábìlì ní Naples ní ọdún 1974, tí ó sì gba àwọn òǹwòran láyè fún wákàtí 6 láti fi wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n sí òun lára, títí ìbọn tó ní ọta nínú fi dé ọwọ́ ẹnìkan. Ṣùgbọ́n ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ orísun iṣẹ́ òun lọ béèrè nípa Ológbìn Ológbojò àti àwọn alárìnjó tó jáde láti ààfin Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń fi ara àti aṣọ sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ níwájú ọba. Ó tún sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nípa Wura-Natasha Ogunji, tó kó àwọn obìnrin jáde ní Èkó ní ọdún 2013 pẹ̀lú ìbòjú lójú, tí wọ́n ń wọ́ kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀ ní òpópónà. Ó rántí Jelili Atiku pẹ̀lú, oníṣẹ́ ọnà tí ọlọ́pàá mú ní Èjìgbò ní Èkó ní oṣù Kìíní ọdún 2016 lẹ́yìn iṣẹ́ kan tó ṣe ní ìgboro, tí wọ́n sì gbé dé ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn dída àlàáfíà ìlú rú, kí wọ́n tó fagi lé ẹ̀sùn náà. Ó ní nítorí èyí ni òun ṣe máa ń ní nọ́ńbà agbẹjọ́rò nínú àpò nígbàkígbà tí òun bá ń jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin tó ń gba ohùn ní kí Àǹtí wọ ẹ̀wù náà, ó so màìkì kékeré kan mọ́ inú rẹ̀ níbi tí òfì àti léèsì ti pàdé, ó sì lọ bẹ àwọn ará ilé kejì pé kí wọ́n bá wa pa jẹnẹrétọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n pa á. Àǹtí rìn láti ògiri dé ògiri. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀: òfì ń rọ́ gìrìgìrì, léèsì ń fà ṣìṣì, bọ́tìnnì ẹ̀wù ọmọ ilé-ìwé yẹn sì ń kan ara wọn. Bí mo ti ń gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé orin kankan kò ní wọ apá ibi tí ó bá ti ń rìn nínú fíìmù yìí.

Ọjọ́rú

Ilé àkójọ ìwé ìtàn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni a lọ, láti ka ìwé ìròyìn oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni, n kò sì ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀, àfi pé àwọn àwòrán tó wà níbẹ̀ fi yé mi ìdí tí Àǹtí fi yan aṣọ: ara wáyà àti ẹ̀ka igi ni aṣọ wà nínú wọn, níbi tí omi fi wọ́n sí nígbà tí ó fà sẹ́yìn.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a dúró díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Cocoa House ní Dùgbẹ̀ láti ya ilé náà, ayàwòrán wa sì béèrè bóyá Ìbàdàn ti máa ń bínú sí òṣèré báyìí tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè náà bá mi lórí ohun tí mo ti ń rò. Ìlú yìí kan náà ni Ẹgbẹ́ Mbari ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1961, níbi tí Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Demas Nwoko àti àwọn mìíràn ti ń pàdé, tí iṣẹ́ ọnà tuntun sì rí àyè. Ìlú yìí kan náà ni ìjọba Akíntọ́lá ti fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé ní ọdún 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, tí wọn kò sì lè ṣeré mọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn títí di ọdún 1966 tí àwọn ológun ti wà lórí àlééfà. Ẹni tó fi òfin de Ògúndé nígbà náà ní orúkọ, ó ní ọ́fíìsì, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó lé Àǹtí kúrò nílé kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Fídíò kan tí kò gùn tó ìṣẹ́jú kan ni, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ tó fi í ránṣẹ́. Fíìmù tí mo bá ṣe gbọ́dọ̀ gùn ju fídíò yẹn lọ ní gbogbo ọ̀nà: kí ó fi iwájú hàn, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ hàn, kí ó sì dúró ti ẹni tó ń bínú títí yóò fi sọ ohun tó ń bí i nínú gan-an.

Ọjọ́bọ̀

Lónìí ni a lọ rí Bàbá, àgbà ọ̀jẹ̀ kan tó ti sọ̀rọ̀ líle sí Àǹtí ní ọdún tó kọjá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri. A mú obì àti ọtí lọ́wọ́. Èmi àti ayàwòrán dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin wa kúnlẹ̀, Bàbá sì wò ó títí kí ó tó ní kí ó jókòó ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ó ti lè gbọ́ ohùn dáadáa. Mo ṣàlàyé pé a kò wá láti bá a jiyàn. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tí kò wá jiyàn ni a ń bá sọ̀rọ̀.”

Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kí ó wo àwòrán tí ọ̀rẹ́ Àǹtí kan yà láti iwájú ní ọjọ́ ìrìn yẹn. Ó gba kọ̀ǹpútà náà sórí itan, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì ní kí a padà sí èyí tó ṣáájú. Ó ní kò sí ẹni tó fi èyí han òun rí. Ó ní ẹni tó ṣí ojú sílẹ̀ kì í ṣe eégún, pé ènìyàn ni, àti pé bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún òun ní ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ tí òun ìbá sọ yàtọ̀. Ayàwòrán wa bojú wò mí. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí, ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìwé máa ń rò pé ohun tó bá ti ti ojú èèyàn ni a kórìíra. Ẹ wá ní ọjọ́ Òkèbàdàn.” Ó sọ bí gbogbo Ìbàdàn kì í ti í dáná ní ọjọ́ náà nínú oṣù Kẹta, tí wọ́n ń mu ẹ̀kọ tútù, tí tọmọdé-tàgbà sì ń kọrin nípa ojú ara ọkùnrin àti obìnrin káàkiri ìgboro, tí olówó àti ìjòyè ń gbọ́ èébú tí wọn kò gbọdọ̀ bínú sí. Ó ní Abọkè, ẹni tó ń bọ òkè náà fún gbogbo ìlú, ọkùnrin ni, irun dídì ni ó sì wà lórí rẹ̀ bí ti obìnrin. “Ṣé a pè é ní èèwọ̀? Ọjọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó ni í ló ṣe é. Obìnrin náà kò sì ṣàì sí nínú ọ̀rọ̀ eégún. Ta ni ń jẹ́ Àtó? Ṣé kì í ṣe obìnrin ni?”

Mo bi í pé, bí kì í bá ṣe ojú, bí kì í bá ṣe obìnrin, kí ni ó wá dùn ún? Ó nàka sí ẹ̀wù náà nínú àwòrán. “Aṣọ tó wà lára eégún, ilé kan ló ni ín. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i, a mọ ẹni tí a ó pè. Aṣọ tó wà lára ọmọ yìí, ilé mélòó ló ni ín? Ta ni olórí wọn? Ta ló bi léèrè kí ó tó kó òkú wọn jáde?”

Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà tí mo sì ti gbọ́ láti ọdún tó kọjá nípa iṣẹ́ Àǹtí, kò sí èyí tó lágbára tó ìbéèrè yìí. Kì í ṣe ìbéèrè ẹni tó kórìíra iṣẹ́ ọnà. Ìbéèrè ẹni tó ti ń tọ́jú aṣọ àwọn òkú ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni, tí ó sì mọ ohun tí ìtọ́jú náà ń béèrè. Títí di òwúrọ̀ yìí, mo ti to fíìmù náà lọ́kàn bí ìjà láàárín obìnrin kan àti àwọn tó ń ṣọ́ àṣà. Bí a ti ń jáde nílé Bàbá ni mo tú ètò yẹn ká. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni fíìmù náà yóò dá lé: ta ló lè yọ̀ǹda aṣọ òkú, ta ni a gbọ́dọ̀ bi?

Mo pe Àǹtí lórí fóònù ní alẹ́, mo sì gbé ìbéèrè Bàbá ka iwájú rẹ̀ bí ó ti sọ ọ́. Ó ní ilé kọ̀ọ̀kan tó fún òun láṣọ ni òun bi. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohùn kalẹ̀ pé ìyá kan wà tó ń ta aṣọ ní Gbági, tí ó ti ń wá òun láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí òun kò tíì dá lóhùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Òjò kò jẹ́ kí a ṣe púpọ̀. A dúró lábẹ́ afárá kan nítòsí ọjà Ògùnpa, a ń ya odò náà bí ó ti ń pọ̀ sí i láàárín ògiri kọnkéré tí wọ́n fi dí i mọ́ ọ̀nà kan, tí ike àti ọ̀rá sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà ń wo omi náà, wọ́n ń wo ara wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1980 kò jìnnà sí wọn, nítorí pé òmíràn tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100 tó sì gbé afárá lọ káàkiri Ìbàdàn.

A bá àlùfáà ìjọ kan sọ̀rọ̀, a sì bá alùfáà mọ́sálásí kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sọ nípa ìbọ̀rìṣà, n kò sì rò pé ó ju ìṣẹ́jú kan lọ tí yóò wà nínú fíìmù, nítorí pé kò sí èyí tó wo iṣẹ́ náà nínú wọn. Àwọn ọlọ́jà ni mo gbádùn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ti pinnu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹni tí a gbé màìkì sí lẹ́nu ló ń ki oríkì ìlú fún wa pé ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn, tí wọ́n á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán. Oríkì náà dùn létí, ọmọ Ìbàdàn sì ni í fi yangàn, àmọ́ kò ní wọ inú fíìmù yìí. Bí a bá gbà á wọlé, òǹwòran yóò rò pé ìlú tó fẹ́ràn ìjà ni ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní gbọ́ ìbéèrè Bàbá mọ́.

Nítorí pé òjò há wa mọ́lé, mo fi ìrọ̀lẹ́ to ìwé tí a ó kó lọ fún àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, tí Òfin 85 ti ọdún 1993 dá sílẹ̀, nítorí pé a kò lè gbé fíìmù hàn fún gbogbo ènìyàn láìgba ìwé ẹ̀rí wọn. Ọmọbìnrin wa da gbogbo ohun tí a ti gbà láti ọjọ́ Ajé sórí ẹ̀rọ ìpamọ́ méjì, ó gbé ọ̀kan sínú àpò rẹ̀, ó kó èkejì fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìyá náà ń dúró dè wá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gbági Tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ó ti ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gba àga, ó sì ti kó àwọn ìdì àǹkárá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó wà nígbà tí Omíyalé gbé ìyá rẹ̀ lọ. Sányán kan ni wọ́n rí nínú àpótí ìyá náà tí omi kò dé, sányán gidi, èyí tí Yorùbá ń pè ní baba aṣọ, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó sì wà láti ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n yìí ni ó fà á lé Àǹtí lọ́wọ́. Kò sọ fún àbúrò rẹ̀.

Inú fídíò WhatsApp yẹn ni àbúrò ti rí i. Ìlà kan wà níbi etí aṣọ náà tí ìyá wọn fi òwú pupa dí nígbà tí ó ya, ó sì ti mọ ìlà yẹn láti ìgbà tí ó ti ń di ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mú lọ sọ́jà. Ó ní, “Èèyàn ń bú obìnrin náà pé ó gbé eégún. Èmi kò rí eégún. Ìyá mi ni mo rí lẹ́yìn ẹni tí n kò mọ̀, tí wọ́n sì ń ju òkò ọ̀rọ̀ lù ú.”

Omi bọ́ lójú rẹ̀, ayàwòrán wa sì pa kámẹ́rà láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Òfin wa ni èyí, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Ìyá rí i pé iná pupa ara ẹ̀rọ náà ti kú. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó ní, “Ẹ tan nǹkan yín. Ṣé ẹkún ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ mi ni? Ohun tí mo fẹ́ sọ ni mo ń sọ.” A tàn án padà. Ó sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n gbé wá fún un fi tutù. Kò sọ pé kí Àǹtí má ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ lemọ́lemọ́ pé ó dára kí ẹnìkan rántí àwọn tó bómi lọ, nítorí pé láti ìgbà tí òun ti wà láyé, òun kò rí ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìyá òun sí ní gbogbo Ìbàdàn. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n kọ orúkọ náà nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, inú ẹ̀wù kan ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọn kò sì pe òun.

Mo bi í bóyá yóò fẹ́ rí Àǹtí. Ó ní láti oṣù mélòó kan ni òun ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú

Wọ́n pàdé ní Òjé lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀. Ìyá wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wá, ó wọ agbádá bí ẹni tó ń lọ sí ìpàdé ẹbí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà kí a gbé kámẹ́rà kan sí igun yàrá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì fi màìkì kan sórí tábìlì. Àwa jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọmọbìnrin wa ń gbọ́ wọn nínú gbohùngbohùn etí kí ohùn má baà já. Èmi kò gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí wọ́n fi parí.

Nígbà tí mo padà wo ohun tí a gbà, ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí Àǹtí kò ṣe gbèjà ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá, ó sì ní òun yẹ kí òun ti dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n ni ó gbèjà. Ó ní òun ni àkọ́bí, òun ni àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá òun tọ́jú aṣọ náà lọ́wọ́ kòkòrò ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ kí ó parí, ó sì bi í pé ọmọ mélòó ni ìyá wọn bí. Ó ní méjì. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, n kò sì ní gé ìdákẹ́jẹ́ náà kúrò.

Ibi tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé sányán náà yóò kúrò lára ẹ̀wù. Àǹtí mú abẹ́fẹ́lẹ́ wá láti tú ojú rírán rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ni yóò tú u. Ó fi sùúrù tú u, òwú kan lẹ́yìn òmíràn, ó ká a, ó sì gbé e sórí itan. Àǹtí béèrè bóyá òun lè fi àyè tí aṣọ náà ti kúrò sílẹ̀ láìfi nǹkan dí i, kí òun sì gbé e rìn bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ìyá rò ó, ó ní kí ó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó yọ ègé aṣọ funfun tí orúkọ ìyá òun wà lára rẹ̀, nítorí pé òun fúnra òun yóò dá a kọ síbòmíràn. Bí òun yóò bá wá rìn pẹ̀lú wọn tàbí òun kò ní wá, ó ní ọjọ́ náà ni òun yóò mọ̀. Àǹtí ní òun yóò lọ sí gbogbo ilé tó kù kí ọjọ́ ìrìn tó pé, òun yóò sì béèrè iye ọmọ tí olóògbé kọ̀ọ̀kan bí kí òun tó tún gbé aṣọ wọn jáde. Ó ní kí a máa bá òun lọ bí àwọn ilé náà bá gbà wá láyè.

Ní tiwa, a fẹnu kò pé ojú Ìyá lè hàn nínú fíìmù, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ ìyá rẹ̀, a kò sì ní fi ìlà òwú pupa náà hàn ní ìtòsí. A ó padà wá ní ìparí oṣù Kẹjọ pẹ̀lú kámẹ́rà méjì, ọ̀kan yóò sì máa wà níwájú Àǹtí ní gbogbo ìgbà. Mo ránṣẹ́ sí Bàbá pé a ó gbé ohun tí a bá tò wá fún un láti wò kí ẹlòmíràn tó rí i, ó sì dáhùn pé òun ń retí wa.

Bí a ti ń kó ẹrù sínú Micra ni ẹ̀gbọ́n Ìyá jáde wá bá mi, ó béèrè bóyá ohun tí òun sọ yóò wà nínú fíìmù náà. Mo ní yóò wà níbẹ̀ láìgé. Ó ní kò burú, àmọ́ kí n jẹ́ kí ti àbúrò òun ṣáájú.